Iyọ̀ Tí Kò Sí Nínú Ìkòkò Ọbẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti sọ fún ní ilé ìwòsàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ti mọ ọ̀rọ̀ tí yóò tẹ̀lé e: "Ẹ dín iyọ̀ kù." Nọ́ọ̀sì á sọ ọ́, dókítà á tún un sọ, àwọn màmá ìjọ tó bá wá kí i nílé náà á sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ọ̀rọ̀ náà dára, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, èyí tí kò ju ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì lọ, ẹyọ kan ṣoṣo. Nínú gíráàmù 5 yìí, nǹkan bíi gíráàmù 2 ni sódíọ̀mù, èròjà inú iyọ̀ tó máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè. Bí sódíọ̀mù bá pọ̀ nínú ara, tí kídìnrín kò sì lè dà á nù tán, ara á di omi mú láti fi là á, ohun tó wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, ọkàn á sì máa fi agbára ńlá ti ẹ̀jẹ̀ kiri. Ibẹ̀ ni rọpárọsẹ̀, àìsàn ọkàn àti àìsàn kídìnrín ti ń wá.

Èmi náà ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n dín iyọ̀ kù, n kò sì ní dẹ́kun. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ni ti àwọn tí ìmọ̀ràn yìí kò ràn lọ́wọ́, nítorí pé iyọ̀ tiwọn kò sí nínú ìkòkò ọbẹ̀. Inú omi tí wọ́n ń mu ni ó wà. Bí obìnrin kan bá ń se ọbẹ̀ láì fi iyọ̀ kankan sí i, tí kò mọ ojú màgí, síbẹ̀ tó jẹ́ pé omi iyọ̀ ni ó ń mu lé oúnjẹ rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, kí ni a fẹ́ kí ó dín kù? Ṣé kí ó má mumi ni?

Ibi tí a ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa jìnnà sí wa. Dacope ni wọ́n ń pè é, ní agbègbè Khulna, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Bangladesh, níbi tí àwọn odò ńlá ti ń pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ kí wọ́n tó wọ òkun, lẹ́bàá igbó orí omi tí wọ́n ń pè ní Sundarbans. Ẹni tó bá ti dé etíkun Ìlàjẹ rí, láti Ìgbókọ̀dá sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ayétòrò, kò ní ṣòro fún un láti fojú inú wo Dacope: ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, omi níwájú, omi lẹ́yìn, ọkọ̀ ojú omi dípò mọ́tò. Mo ń mú yín lọ sí ọ̀nà jíjìn nítorí pé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí wọn níbẹ̀ ti ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà. A ó dé orí ìyẹn.

Omi òkun kì í ṣe àlejò ní Dacope. Ó ti pẹ́ tó ti máa ń gun odò wọn wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò àti omi tó ń ti òkè odò bọ̀ á sì lé e padà nígbà òjò. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ba ètò yìí jẹ́. Ní 1975, orílẹ̀-èdè India bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìdènà ńlá kan tí wọ́n kọ́ sórí odò Ganges ní Farakka, kí omi lè yà sí ọ̀nà Calcutta. Láti ìgbà náà ni omi aládùn tó ń dé apá Khulna nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti dín kù gidigidi, nígbà tí omi aládùn kò sì ti òkè wá mọ́, kí ni yóò dá òkun dúró? Àdéhùn ọgbọ̀n ọdún lórí bí wọn yóò ṣe máa pín omi náà kò wáyé títí di 1996.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ edé dé. Láti àwọn ọdún 1960 ni ìjọba ti mọ bèbè amọ̀ gíga yí àwọn ilẹ̀ náà ká kí omi iyọ̀ má baà wọ oko ìrẹsì. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, edé di ọjà tó ń mú owó òkèèrè wọlé. Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Jàpáàn ni ó ń rà á. Irú edé tí wọ́n ń sìn yìí, omi iyọ̀ ni ó ń fẹ́. Bí àwọn olówó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gé bèbè tí a mọ láti dá omi iyọ̀ dúró nìyẹn, wọ́n ń ṣí i sínú oko, bó wu onílẹ̀ bó kọ̀. Ìrẹsì kú. Màlúù kò rí koríko jẹ. Adágún tí gbogbo abúlé ń pọn mu di omi iyọ̀. Olówó edé ń kó èrè rẹ̀ lọ sí ìlú ńlá, ẹni tí kò ní nǹkan kan ni ó jókòó ti omi náà.

Àwọn ènìyàn kò dákẹ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá 1990, ní Horinkhola, lórí ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Polder 22, obìnrin tálákà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Karunamoyee Sardar ṣáájú àwọn ará abúlé láti kọ̀ fún àwọn tó fẹ́ wá dá oko edé sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n pa á lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ Polder 22 kò sì gba oko edé omi iyọ̀ láàyè lẹ́yìn ikú rẹ̀. Wọ́n máa ń pé jọ ní ọjọ́ náà láti rántí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ obìnrin yìí sọ́kàn nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ iyọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ìdáná lásán.

Ìjì líle tún dé. Ní oṣù karùn-ún 2009, ìjì tí wọ́n pè ní Aila fọ́ àwọn bèbè náà, òkun wọlé, ní apá kan Dacope ó sì ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó rí ibi tó fọ́ dí. Òkun fúnra rẹ̀ ń ga sí i bí ayé ṣe ń móoru. Èéfín tó ń mú ayé móoru kò ti ilé ìdáná àwọn ará Dacope wá.

Nígbà tí ìròyìn ẹ̀jẹ̀ ríru àti gìrì láàárín àwọn aboyún agbègbè náà ń pọ̀ sí i, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Aneire Khan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, láti Imperial College ní London àti láti Bangladesh, lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n tẹ èsì wọn jáde ní 2011. Wọ́n ṣírò pé ẹni tó bá ń mu omi odò, omi adágún tàbí omi kànga níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè máa rí sódíọ̀mù tó tó gíráàmù 5 sí 16 gbà lójúmọ́ láti inú omi nìkan. Nígbà òjò, kò ju gíráàmù 0.6 sí 1.2 lọ. Ẹ rántí gíráàmù 2 tí mo sọ lókè, tí a ní kí ènìyàn má kọjá rẹ̀ nínú gbogbo ohun tó jẹ àti ohun tó mu pátápátá. Wọ́n tún gba ìtọ̀ wákàtí mẹ́rìnlélógún lọ́wọ́ àwọn aboyún 343. Ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ kéré sí ìṣirò àkọ́kọ́, ó jẹ́ gíráàmù 3.4 ní ìpíndọ́gba, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí tiwọn tó gíráàmù 7.7, àwọn tó ń mu omi kànga ni tiwọn sì máa ń ga ju ti àwọn tó ń mu omi òjò lọ. Ní ilé ìwòsàn Dacope, ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn aboyún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó bí ìlọ́po méjì ti ìgbà òjò. Abúlé kan náà, ìkòkò kan náà, ọwọ́ kan náà ló ń se ọbẹ̀. Omi nìkan ni ó yí padà.

Wọ́n tún padà lọ. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014, wọ́n mú àwọn aboyún 202 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún tàbí gìrì, wọ́n fi wọ́n wé 1006 tí kò ní in, wọ́n sì wọn omi tí oníkálukú ń mu. Ìpíndọ́gba sódíọ̀mù inú omi náà ju miligíráàmù 500 lọ nínú lítà kan. Bí a bá fi àwọn tí omi wọn kò tó miligíráàmù 300 ṣe òṣùwọ̀n, ewu àwọn tó wà láàárín 300 sí 600 ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ti àwọn tó wà láàárín 600 sí 900 ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Ti àwọn tó kọjá 900 ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Bí iyọ̀ ṣe ń gòkè nínú omi, bẹ́ẹ̀ ni ewu ń gòkè tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí aboyún tí gìrì mú rí, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Ó lè gba ìyá, ó lè gba ọmọ, ó lè gba àwọn méjèèjì lóru ọjọ́ kan.

Ìwádìí mìíràn tún wáyé tí Pauline Scheelbeek ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017. Èyí ni ó wú mi lórí jù, nítorí pé ó tẹ̀ lé àwọn ènìyàn bí omi wọn ti ń yí padà, àwọn kan nínú wọn kúrò lórí omi iyọ̀ bọ́ sórí omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré. Fún miligíráàmù 100 sódíọ̀mù tó bá dín nínú lítà omi kan, ìfúnpá wọn ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi 0.95 lókè àti 0.57 nísàlẹ̀. Ó lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan lójú yín. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: ẹni tí omi rẹ̀ kúrò ní 700 tó bọ́ sí 100, ìfúnpá òkè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mẹ́fà wálẹ̀, láìlo hóró oògùn kan, láìsí pé ẹnikẹ́ni wàásù fún un nípa ọbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìwádìí ni ó wí bákan náà, n kò sì fẹ́ fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Ní 2019, Abu Naser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé ní etíkun Bangladesh kan náà, àwọn tó ń mu omi tí iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀nba ní ìfúnpá tó fi díẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ti àwọn tó ń mu omi tí kò ní iyọ̀ rárá. Àlàyé wọn ni pé sódíọ̀mù nìkan kọ́ ni ó wà nínú omi inú ilẹ̀. Kálísíọ̀mù àti magnísíọ̀mù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn méjèèjì yìí sì máa ń ran ìfúnpá lọ́wọ́ láti wálẹ̀. Mo gbà á. Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ ní kí a máa fún aboyún ní kálísíọ̀mù níbi tí kò bá pọ̀ tó nínú oúnjẹ wọn, kí ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún lè dín kù. Ọ̀nà tí omi iyọ̀ ń gbà mú aboyún gan-an kò sì tíì hàn kedere sí àwọn onímọ̀. Ṣùgbọ́n omi tí iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀nba ni ọ̀rọ̀ ti 2019 yẹn dá lé. Ẹni tó bá fẹ́ fi í tu obìnrin tí omi rẹ̀ ti kọjá 900 nínú, kí ó kọ́kọ́ lọ mu kọ́ọ̀bù kan nínú omi náà.

Ohun kan wá wà tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Bí ẹ bá ṣí ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí omi mímu, ẹ ò ní rí òdiwọ̀n kankan fún sódíọ̀mù tí wọ́n gbé ka ìlera. Miligíráàmù 200 nínú lítà kan tí wọ́n mẹ́nu bà, ti adùn ni: ibẹ̀ ni ahọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ iyọ̀ wò. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, sódíọ̀mù inú omi kò tó miligíráàmù 20, oúnjẹ ni èyí tó pọ̀ ti ń wá. Òótọ́ ni, fún ọ̀pọ̀ ibi láyé. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń sọ̀rọ̀ fún ibi tó kù? Ahọ́n kì í sì í ṣe ẹlẹ́rìí tó dájú. Ọmọ tí a bí sórí omi iyọ̀, omi náà ni omi fún un, kò mọ̀ pé iyọ̀ wà níbẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, nǹkan yàtọ̀ díẹ̀. Àjọ tó ń mójú tó àyíká lọ́hùn-ún fi miligíráàmù 20 ṣe àmì fún ẹni tí dókítà ti fi òfin de iyọ̀ lára rẹ̀ gan-an, wọ́n sì pàṣẹ pé kí àwọn tó ń pèsè omi fún ìlú máa wọn sódíọ̀mù inú rẹ̀, kí wọ́n sì fi èsì náà tó àwọn aláṣẹ ìlera létí, kí dókítà lè mọ ohun tí yóò sọ fún aláìsàn rẹ̀. Kì í ṣe pé omi wọn korò. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹnì kan ní iye náà lọ́wọ́, ẹni tó bá sì béèrè yóò gbọ́. Orílẹ̀-èdè tiwa náà kọ miligíráàmù 200 sínú ìlànà omi mímu tó gbé jáde ní 2007. Ìwé ni ó wà nínú rẹ̀. Ta ni ó ń gbé e lọ sí ẹnu kànga?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí àrùn bá ti inú omi wá, ọ̀nà méjì ni a máa ń gbà dá ẹ̀bi fún aláìsàn. Àwọn kan á ní àjẹjù ni, ìjẹkújẹ ni, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ sí nọ́ọ̀sì lẹ́nu. Láàárín àwa onígbàgbọ́ pàápàá, àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni, kí wọ́n wá ẹni tó ń dí i lọ́wọ́ ní ilé bàbá rẹ̀. Obìnrin tí gìrì mú á wá di ẹni tí ó ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fún gbogbo ayé, nígbà tí ẹni tó gé bèbè, tó dí odò, tó tú èéfín sókè kò ní nǹkan kan láti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ẹ rántí ìtàn Èlíṣà ní Jẹ́ríkò. Nígbà tí àwọn ará ìlú wá ráhùn sí i pé omi àwọn kò dára, kò béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn obìnrin ìlú náà ṣẹ̀. Orísun omi ni ó gbà lọ tààrà. (Pé iyọ̀ ni ó dà sí i, ẹ má ṣe gbé ìyẹn lọ sí Dacope o.)

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ayétòrò tí mo dárúkọ lókè, àwọn ọmọ Ọlọ́run ni ó tẹ̀ ẹ́ dó ní 1947, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n jọ ń jẹun láti inú àpò kan. Òkun ti ń jẹ ìlú náà láti ọdún púpọ̀ wá, ó ti kó ilé, ó ti kó ibojì. Ní apá Awóyè, ọ̀nà omi tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì gbẹ́ láti òkun wọ inú ilẹ̀ ni ó ṣílẹ̀kùn fún omi iyọ̀, igbó orí omi aládùn kú, ẹja omi aládùn lọ. Omi òjò ni àwọn ará etíkun náà gbójú lé, àti omi ọ̀rá tí ọkọ̀ gbé wá. Nígbà tí òjò bá dá, tí owó kò sì sí lọ́wọ́, ẹ sọ fún mi, omi wo ni aboyún ń mu?

Ti Èkó náà kò jìnnà sí i. Ilẹ̀ etíkun Èkó, yanrìn ni. Omi aládùn inú rẹ̀ àti omi òkun fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn nísàlẹ̀. Bí a bá fa omi aládùn náà jù, omi òkun á rọra wọlé dípò rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti kọ nípa rẹ̀ ní Apápá, ní Victoria Island, ní Lẹ́kì. Nítorí pé omi ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ilé kọ̀ọ̀kan ń gbẹ́ bọ́hóòlù tirẹ̀, a sì ń fà á tọ̀sán tòru. Olówó yóò ra ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi. Aládùúgbò rẹ̀ tó ń gbé ilé onípákó lẹ́yìn ọgbà yóò ra kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà, kò ní béèrè ibi tó ti pọn ọ́n. Àìsàn kan náà ni yóò mú àwọn méjèèjì tí a bá ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú wọn ni ó ní ọ̀nà.

Àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kí a mọ̀ kí a má baà tan ara wa jẹ. Síse omi kì í mú iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Bí omi ṣe ń fà sókè nínú ìkòkò ni iyọ̀ tó kù ń ki sí i. Álọ́ọ̀mù kò lè mú un kúrò, oògùn apakòkòrò kò lè mú un kúrò, asẹ́ lásán kò lè mú un kúrò. Omi iyọ̀ lè mọ́ gaara bíi dígí. Kódà ẹ̀rọ kan wà tí àwọn kan ń fi sílé láti mú kí omi líle rọ̀ kí ọṣẹ lè hó, sódíọ̀mù ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń fi rọ́pò kálísíọ̀mù inú omi náà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò gbọdọ̀ fi omi bẹ́ẹ̀ ṣe omi mímu láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Aboyún tí orí ń fọ́ tí kò lọ, tí ojú ń ṣú, tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú, kí ó má dúró de ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó ń yọ iyọ̀ kúrò ni ẹ̀rọ olówó ńlá, tàbí kí a má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi iyọ̀ rárá. Èyí ni àwọn ará Dacope ń gbìyànjú láti ṣe: wọ́n ń gbe omi òjò sínú táńkì nígbà òjò kí wọ́n lè fi la ẹ̀ẹ̀rùn já, wọ́n sì ń fi yanrìn sẹ́ omi adágún tí iyọ̀ kò tíì wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìṣẹ́ ti máa ń dí ọ̀nà. Kí ènìyàn tó gbe omi òjò tó mọ́, ó gbọ́dọ̀ ní òrùlé páànù, kí ó sì ní táńkì tó tóbi. Ẹni tó fi imọ̀ bo ilé rẹ̀ ń wo òjò tó ń ṣàn lọ. Ẹni tó ní ìkòkò amọ̀ méjì, omi rẹ̀ tán kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú gan-an. Táńkì kan fún ilé kan ni ohun tó pin wọ́n níyà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru yìí, ìjọba tó ń gba owó orí lórí edé sì lágbára láti rà á.

Mo sì ní ọ̀rọ̀ fún ẹgbẹ́ tiwa àti fún gbogbo ìjọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí à ń ṣe. A fẹ́ràn láti gbẹ́ bọ́hóòlù fún àwọn abúlé etíkun. A ó pe ọba, a ó pe olórí ìjọba ìbílẹ̀, a ó gé rìbọ́ọ̀nù, a ó ya fọ́tò, omi á tú jáde, gbogbo ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Iṣẹ́ rere ni, n kò bú u. Ṣùgbọ́n ẹ wo Bangladesh lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kiri níbẹ̀ láti gba àwọn ọmọdé lọ́wọ́ ìgbẹ́ gbuuru, ọkàn rere ni wọ́n fi ṣe é, ní 1993 ni a tó mọ̀ pé májèlé tí wọ́n ń pè ní arsenic wà nínú omi ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọn kò wọn omi náà fún un kí wọ́n tó ní kí àwọn ènìyàn máa mu ún. Ọrẹ tí a kò yẹ̀ wò lè di ẹrù fún ẹni tó gbà á.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí kò ju bírò lọ, tí a máa ń tì bọ omi, tí yóò sì sọ bí ohun tó yòrò sínú omi náà ti pọ̀ tó. Kò gbówó lórí. Kì í sọ iye sódíọ̀mù gan-an, ṣùgbọ́n yóò sọ fún wa ibi tó yẹ kí a ti gbé omi lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Kí ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́ wa ra méjì. Kí wọ́n fi wọn gbogbo bọ́hóòlù tí a ti gbẹ́ láti ìgbà tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, lóṣù kejì nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú jù, kì í ṣe nígbà òjò tí omi inú kànga ti là. Kí àwọn nọ́ọ̀sì wa tó ń lọ wọn ìfúnpá fún àwọn aboyún ní etíkun fi ìbéèrè kan kún ìwé wọn kí wọ́n tó dárúkọ ọbẹ̀ rárá: omi wo lẹ ń mu? Bí wọ́n bá sì rí bọ́hóòlù tiwa kankan tí sódíọ̀mù inú rẹ̀ ti kọjá miligíráàmù 200, kí a kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé omi ìfọṣọ ni, kí owó tó kù nínú àpò iṣẹ́ náà lọ sórí páànù àti táńkì, kí ó tó di oṣù kẹta tí òjò àkọ́rọ̀ yóò rọ̀.